Inú Àká Ni Kí Ìwádìí Ti Bẹ̀rẹ̀

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé tí ibà Lassa gbérí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilé ìwòsàn ni gbogbo wa ń kọjú sí: Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó lùgbàdì rẹ̀, àti Irrua ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ lókìkí. Ibi tí a ń kó oúnjẹ pamọ́ sí kì í sábà wá sí wa lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2018 tí ibà yìí jà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹ̀rù ń ba àwọn oníṣègùn pé bóyá ènìyàn ló ti ń kó o ran ènìyàn. Àwọn onímọ̀ Irrua àti ti Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ tú àbùdá fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò, wọ́n sì rí i pé èyí tó wà lára lágbájá yàtọ̀ púpọ̀ sí ti tàmẹ̀dò. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kó o ran ara wọn ni, ìbá jọra. Ara eku ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kó o, kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Eku yìí ń tọ̀, ó ń yàgbẹ́ sínú gààrí, ẹlùbọ́ àti àgbàdo. Nínú àpò kan náà, bí ọkà kò bá gbẹ dáadáa, yóò bu, èébu náà yóò sì pèsè májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Lọ́dún 2004, àgbàdo tó ní májèlé yìí pa ènìyàn 125 ní Kẹ́ńyà. Ilẹ̀kùn kan ni ewu méjèèjì ń gbà wọlé, àmọ́ ọ̀tọ̀ là ń fi olúkúlùkù wọn sí.

Àwọn kan yóò ní kí la fẹ́ fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò olówó gọbọi ṣe, ṣebí ká dé oúnjẹ ká sì pa eku ti tó. Mo gbà pé ìdérí ló yẹ kó ṣáájú. Ṣùgbọ́n aflatoxin kò lóòórùn, ojú kò rí i, bí a sì se àgbàdo títí, iná tó ń pa fáírọ́ọ̀sì Lassa kì í mú un kúrò. Àyẹ̀wò nìkan ló lè tú u fó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Lassa: láìsí àyẹ̀wò àbùdá fáírọ́ọ̀sì, a ò bá máa sá fún ara wa lọ́dún 2018, kí eku máa jayé lọ nínú àká.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn ìyá ọlọ́jà: bí èsì bá jáde pé ọjà kan léwu, ta ni yóò rà á? Ẹ̀rù wọn tọ́. Ìdí nìyí tí èsì fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọwọ́ wọn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́: ibi tí a lè sá ọkà sí tí kì í ṣe etí títì, àti Aflasafe tí IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, kópa nínú ṣíṣe rẹ̀ fún oko àgbàdo, èyí tí èébu aláìlóró inú rẹ̀ ń gbapò mọ́ olóró lọ́wọ́. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, wà ní Àkúrẹ́, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn wà nílùú Oǹdó, ọ̀nà wọn kò sì jìn síra. Ẹ̀yin aláṣẹ ibẹ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀, ẹ jọ pawọ́ pọ̀, kí ẹ yẹ oúnjẹ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ àti ti àwọn ọjà ìlú Oǹdó wò kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀ tó wọlé.