Ẹ̀rọ Kan fún Gbogbo Ilé

Àwọn kan nínú yín ti bi wá léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé tábúlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni a gbà sínú ilé, nígbà tí a ní ọmọ ní Amẹ́ríkà. Èsì wa nìyí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni ilé iṣẹ́ Amazon gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré kan jáde tí wọ́n ń pè ní Fire. Dọ́là 50 ni nígbà náà, ó kù sẹ́ǹtì kan. Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní 2011, dọ́là 199 ni wọ́n tà á. Ènìyàn lè fi wo fíìmù, kí ó fi gbọ́ orin, kí ó fi ka ìwé, kí àwọn ọmọdé sì fi ṣeré. Wọ́n tún di mẹ́fà pọ̀ tà ní iye owó márùn-ún lọ́dún náà, kí olúkúlùkù nínú ilé lè ní tirẹ̀.

Kí ló mú un dínwó tó bẹ́ẹ̀? Jeff Bezos, tí í ṣe olórí ilé iṣẹ́ náà nígbà náà, ti sọ ọ́ ní gbangba ní 2012 pé ìgbà tí ènìyàn bá ń lo ẹ̀rọ náà ni àwọn fẹ́ jèrè, kì í ṣe ìgbà tí ó bá rà á. Ẹni tí ó ta àtùpà fún ni ní ọ̀pọ̀, epo ni ó fẹ́ tà. Lójú èyí tí ó jẹ́ dọ́là 50 yẹn, ìpolówó ọjà ni ó ń kọ́kọ́ hàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ nígbà náà ní láti san dọ́là 15 sí i. A kò bínú sí wọn; ọjà ni ọjà ń jẹ́.

Àkọ́bí wa ní òun yóò fi mẹ́fà ránṣẹ́, kí ìjà má bàa sí. Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú nígbà tí a ní kí ó fi ọ̀kan ránṣẹ́! Ohun tí a rò ni pé, lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, àgbàlá ni gbogbo wa ń jókòó sí. Ìyá àgbà a pa àlọ́, a ó ka Rósárì, kí a tó sùn. Bí olúkúlùkù bá di tirẹ̀ mú, tí ó ki okùn bọ etí, ta ni yóò dáhùn “Ààlọ̀”? Ìjà tí àwọn ọmọ ń jà lórí ohun kan, a mọ bí a ti ń parí rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ọmọ mẹ́rin ní igun mẹ́rin, kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní tìyẹn.

Ọ̀kan ni ó dé. Ẹnu okùn ìgbaná rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ti Amẹ́ríkà, ihò tiwa sì rí róbótó. A ní láti wá ohun tí a ó fi so wọ́n pọ̀ lọ́jà. Nítorí owó íntánẹ́ẹ̀tì, káàdì kékeré tí a ń kì bọ inú rẹ̀ ni a kó fíìmù sí. Orí tábìlì ni a gbé e kà, kí gbogbo ojú lè rí i. Bí agogo mẹ́jọ bá lù, Rósárì kàn.

Ìyá àgbà ní ó kéré jù fún ojú àwọn, síbẹ̀ iwájú ni wọ́n ń jókòó sí. Bí àwọn ọmọ bá ń wo eré ẹranko, wọn a ní Ìjàpá ti ṣe irú èyí rí, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Nígbà mìíràn àwọn ọmọ a pa ẹ̀rọ náà kí eré rẹ̀ tó parí.