Bàbá Mi Fetí Wá Ọ̀nà ní Peckham

Bí a ṣe jáde ní ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye, ní gúúsù London, bàbá mi yọ apá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

"Ìyá mi, fi mí sílẹ̀. Èmi ni n ó mú ọ débẹ̀ lónìí."

Ẹni ọdún 78 ni. Àìsàn glaucoma ti jẹ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Èyí tó kù kò ju ohun tí èèyàn ń rí bó bá yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́. Ilé ìkàwé Peckham là ń lọ, ìrìn tí kò pé ìṣẹ́jú 10 fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá.

Mo ti gbé áàpù kan tó ń jẹ́ VoiceVista sórí fóònù rẹ̀. Soundscape, tí Microsoft gbé jáde lọ́dún 2018, ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí Microsoft pa iṣẹ́ náà tì ní 2023, wọ́n fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó, àwọn mìíràn sì tẹ̀síwájú. Kì í pàṣẹ pé ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ yà sósì. Ìró kan ni yóò máa dún láti apá ibi tí ẹ̀ ń lọ: bó bá wà lọ́tùn-ún, etí ọ̀tún lẹ ó ti gbọ́ ọ, bí ẹ bá kọjú sí i gan-an, ìró náà á yí padà. Ó tún ń dárúkọ ṣọ́ọ̀bù àti òpópónà bí ẹ bá ti ń kọjá. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyí: ó ń sọ ibi tí nǹkan wà fún àgbàlagbà, ó sì fi ìrìn sílẹ̀ fún un. Íápíìsì tí Bàbá lò kì í di etí. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń gba ohùn kọjá. Etí kan náà ló fi ń ṣọ́ mọ́tò.

Ariwo Rye Lane lọ́sàn-án Sátidé kò kéré: ẹlẹ́ja ń polówó, orin ń jáde látinú ṣọ́ọ̀bù, oníwàásù gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání. Ìró kékeré náà sọnù sínú wọn. Bàbá dúró. Mo na ọwọ́, ó gbá a dànù. Ó ń yí orí díẹ̀díẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, bí ẹni ń wá ẹyẹ tó ń ké lórí igi.

"Ọ̀kánkán ni."

A tún gbéra.

Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọjọ́ náà jẹ́. Ó yọ lẹ́yìn wa láìdún rárá, èmi ni mo fa Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti 2019 ni òfin ti ní kí irú mọ́tò oníná tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa dún bí eré rẹ̀ kò bá tíì pé 20 kìlómítà ní wákàtí kan. Òfin náà kò kan kẹ̀kẹ́. Ó yẹ kó kàn án.

Ní Peckham High Street, fóònù kò lè sọ bóyá ọkọ̀ ti dúró. Àwọn ibi ìsọdá kan máa ń dún pì-pì-pì fún ẹlẹ́sẹ̀, àmọ́ níbi tí ìsọdá méjì bá ti súnmọ́ra, wọn kì í jẹ́ kó dún, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ti ẹ̀kejì kó sì já sójú títì. Ṣùgbọ́n kókó kékeré kan wà lábẹ́ àpótí tí a ń tẹ̀ láti sọdá. Bí iná bá ti di àwọ̀ ewé fún ẹlẹ́sẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo lò ní London kí n tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Bàbá fi ìka méjì mú un. "Ó ti ń yí. Ó yá." Òun ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sójú títì.

Ìṣẹ́jú 25 ni ìrìn náà gbà wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí àgbà ní London, ẹ lọ wo abẹ́ àpótí ìsọdá tó súnmọ́ ilé yín, kí ẹ fi ọwọ́ wọn kan kókó náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ́ wọn ní irú áàpù yìí, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ wọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.