Ta Ni Ó Ni Iṣẹ́ Ọpọlọ Ọmọ Yín?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ eré ọmọdé lójú yín, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á dópin, nítorí ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn ni.

Púpọ̀ nínú yín ni yóò rántí ẹ̀rọ kékeré kan tí àwọn ọmọ máa ń mú kiri lẹ́yìn ọdún 1990, èyí tí a ń pè ní Brick Game. Bíríkì oríṣiríṣi yóò máa já bọ́ láti òkè, ọmọ yóò sì máa yí wọn padà kí wọ́n lè tò jọ láìsí àlàfo. Bí ìlà kan bá ti kún, yóò pòórá. Bí bíríkì bá ga dé òkè, eré parí. Tetris ni orúkọ eré náà gan-an. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2023, fíìmù kan jáde lórí Apple TV+, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń wo fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tetris ni wọ́n pe òun náà, Jon S. Baird ni ó sì darí rẹ̀. Ọmọkùnrin mi ni ó fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ nínú ilé wa ní Alápòtí níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí. Ní ọdún 1984, Alexey Pajitnov ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé ìwádìí ìjọba kan ní Moscow, nígbà tí ilẹ̀ Rọ́ṣíà ṣì wà nínú Soviet Union. Kọ̀ǹpútà tí ó ń lò kò lè ya àwòrán, nítorí náà àmì àkámọ́ tí a fi ń kọ̀wé ni ó fi ṣe bíríkì rẹ̀. Oríṣi méje ni bíríkì náà, àpótí kéékèèké mẹ́rin ni ó sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún 16 kan, Vadim Gerasimov, wà lára àwọn tí ó bá a gbé e sórí kọ̀ǹpútà IBM. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ náà nígbà náà, ìjọba ni ó ni iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe. Ẹni tó lẹ́rú ló lẹrù. ELORG, ilé iṣẹ́ ìjọba, ni ó ń tà á fún òkèèrè. Èyí tí Nintendo ṣe fún ẹ̀rọ Game Boy ní ọdún 1989 tà tó mílíọ̀nù 35, síbẹ̀ ọdún 1996 ni Pajitnov tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpín tirẹ̀ lórí eré náà.

Ẹ má ṣe gba gbogbo ohun tí ó wà nínú fíìmù náà gbọ́ o. Ibi tí ọkọ̀ ti ń lé ara wọn kiri ìgboro Moscow, àwọn tí ó ṣe fíìmù ni ó fi í dá wa lára yá. Ọ̀rọ̀ ìwé ni ó wọ̀ mí lára jù, òtítọ́ sì ni. Oníṣòwò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Robert Stein, gba wáyà láti ọ̀dọ̀ Pajitnov pé ọ̀rọ̀ náà wu òun. Stein kò dúró de ìwé àdéhùn. Ó ta ẹ̀tọ́ eré náà fún ẹlòmíràn, àwọn yẹn náà sì tún un tà. Ní oṣù kejì ọdún 1989, Nikolai Belikov, ọ̀gá ní ELORG, gbé ìwé tuntun ka iwájú Stein. Owó ìtanràn tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni Stein tẹjú mọ́. Kò fiyè sí ìlà mìíràn tí ó sọ ohun tí kọ̀ǹpútà jẹ́, pé ó gbọ́dọ̀ ní ojú tí a ń wò àti bọ́tìnnì tí a fi ń tẹ̀wé. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ni ó yọ ẹ̀rọ àfọwọ́mú àti ti orí tẹlifíṣọ̀n kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Henk Rogers, ọmọ Họ́láńdì tí ń gbé ní Jàpáánì, ni ó gba ẹ̀tọ́ ti àfọwọ́mú. Nintendo gba ti tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ ó bi mí pé, kí ni èyí kàn wá ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń jí lọ sí ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ọ̀tà àti Agbára? Ó kàn wá gan-an. Ọmọ mi yìí jẹ́ ẹni ọdún 19, ó sì ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Sàngó. Ó ṣe ayò ọlọ́pọ́n tí a lè ta lórí fóònù: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti kọ́ ọ. Ó fi ohùn àwọn òǹwòran sí i: bí o bá jẹ, wọn a pè ọ́ ní ọ̀ta, bí wọ́n bá jẹ ọ́, o di òpè.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí a wo fíìmù náà, ẹnìkan ní òun yóò ra ayò náà ní ₦40,000. Ó mú ìwé olójú ewé méjì wá lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí ọmọ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an.

"Màmá mi, ẹ jẹ́ kí n gbà á," ni ọmọ wí. "Owó ìdánwò mi ni."

Mo ní, "Mú ìwé náà wá sílé ná, ọmọ mi."

A gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò wa. Bàbá náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé gbogbo eré tí ọmọ mi ti ṣe, àti gbogbo èyí tí yóò ṣe fún ọdún márùn-ún, ti òǹrajà ni, orúkọ ọmọ kò sì ní hàn lórí ọ̀kankan. A bẹ̀ ẹ́ kí ó yọ ìlà náà. Ó bínú, ó mú ìwé rẹ̀ lọ, kò sì padà wá. Mo lọ bẹ olórí àjọ wa kí ó jẹ́ kí n kó ṣáájú àkókò mi, kí a lè san owó ìdánwò. Ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jókòó, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú eré náà.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ayò kì í ṣe ti ẹnìkan. Lóòótọ́ ni, àwọn baba ńlá wa ti ń ta á kí a tó bí wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ọmọ náà ṣe àti àwòrán tí ó yà, tirẹ̀ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2023 kan náà tí fíìmù yìí jáde ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí ó dá iṣẹ́ sílẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà sì wà lára ohun tí òfin náà kà kún iṣẹ́.

N kò sọ pé kí a má tajà o. Kì í ṣe gbogbo òǹrajà ni olè. Rogers wá Pajitnov rí, wọ́n di ọ̀rẹ́, àwọn méjèèjì ni ó sì jọ dá ilé iṣẹ́ Tetris sílẹ̀ ní ọdún 1996. Ṣùgbọ́n yálà eré fóònù ni ọmọ yín ṣe, tàbí àwòrán àdìrẹ, tàbí bátànì aṣọ, ẹ jẹ́ kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó ṣe é sí i kí ó tó fi han ẹnikẹ́ni. Bí ìwé bá dé, ẹ wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín ní ìlà-ní-ìlà, kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan pamọ́. Bí òǹrajà bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i kí oòrùn tó wọ̀, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ilẹ̀ yóò mọ́ lọ́la.