Kí Ọmọ Mọ Orúkọ Ohun Tó Ń Ṣe É

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn àwa olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé yìí tí a fẹ́ bá yín sọ.

Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ìgbà tí a bá ń bá wọn wí ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa máa ń gbọ́ Yorùbá jù: "Jókòó! Dákẹ́! Ṣé orí ẹ pé?" Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọn ó fi sọ tinú wọn, wọn ò ní in. Ọmọ tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́.

Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ní kíláàsì wa bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ gbá àga, ó ń já ìwé gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí a bá bi í pé kí ló dé, á ní kò sí nǹkan. Ọ̀kan nínú wa jókòó tì í, kò pariwo mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni ọmọ sọ pé màmá àgbà ti padà sí Ìbàdàn. Físà oṣù mẹ́fà ti pé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ màmá ló ń sùn sí lálaalẹ́. Olùkọ́ ní, "Àárò màmá ló ń sọ ẹ́." Ọmọ tún un sọ: "Àárò ń sọ mí." Ó sunkún dáadáa. Kò torí ìyẹn di áńgẹ́lì o, àmọ́ ní báyìí, ó máa ń wá bá wa kó tó gbá àga.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́ gbogbo wọn pé: inú mi dùn, inú ń bí mi, inú mi bàjẹ́, ẹ̀rù ń bà mí, ojú ń tì mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́ nílé. Bí ọmọ bá ń bínú, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fara balẹ̀, ẹ bá a pe orúkọ ohun tó ń ṣe é, kí ẹ tó bá a wí. A kò ní kí ẹ kẹ́ ọmọ ní àkẹ́bàjẹ́. Ẹ lè sọ pé, "Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ, ṣùgbọ́n a kì í lu àbúrò ẹni." Ìbáwí ni, kò sì sí ẹgba níbẹ̀. Ní Scotland láti ọdún 2020, àti ní Wales láti ọdún 2022, òfin kò gbà kí òbí pàápàá na ọmọ mọ́.

Bí ìbànújẹ́ ọmọ bá pẹ́ tí kò lọ, tí kò jẹun, tí kò sùn, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọlọ́run yóò bá wa tọ́ wọn.