Ìwé tí A Kọ Lẹ́yìn Àpéjọ

Bí ọmọ bá ń dàgbà, ẹ̀wù rẹ̀ kì í bá a dàgbà. Ẹ̀wù tí ó bá a mu rẹ́gí ní èṣí yóò há a ní abíyá ní ọdún yìí. Bí ìyá rẹ̀ kò bá sì tètè kíyè sí i, ọjọ́ tí ọmọ náà bá nawọ́ sókè ni ẹ̀wù yóò fàya. Bí ó ti rí fún ọmọ ni ó rí fún ọjà, fún ilé-ìwé, àti fún gbogbo ìpàdé tí ènìyàn bá ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ fún yín nípa irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kan tí èmi àti àwọn ọmọ ilé-ìwé wa lọ, ohun tí ojú wa rí níbẹ̀, àti ìwé tí a jókòó kọ lẹ́yìn rẹ̀.

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìtàn tí a fi àwòrán sọ. Bàbá mi ní àpótí kan tí ó kún fún Atọ́ka àtijọ́, ìwé ìròyìn tí ó máa ń fi fọ́tò àwọn eléré orí ìtàgé sọ ìtàn, tí a sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí ara àwòrán ní èdè Yorùbá. Orí ẹní ni mo ti máa ń kà wọ́n títí etí ìwé fi ń já. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ kan ní ilé-ìwé wa kó ara wọn jọ láti máa ya ìtàn alápèjúwe, tí wọ́n sì wá bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ alábòójútó ẹgbẹ́ wọn, n kò jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn irú ìtàn báyìí a máa pé jọ lọ́dọọdún láti rí ara wọn, láti ra ìwé, láti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń yà á, àti láti wọ aṣọ bí àwọn akọni inú ìtàn. Àṣà náà ti pẹ́ ní òkè òkun. Ní ọdún 1939, nǹkan bí 200 ènìyàn pé jọ ní ìlú New York nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ìtàn àròsọ tí ó jẹ mọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní oṣù Kẹta ọdún 1970, nǹkan bí 100 ènìyàn pé jọ fún ọjọ́ kan péré ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní San Diego, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n tún pé jọ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì tó 300. Ìpàdé kékeré yẹn ni ó di Comic-Con tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé lónìí, tí iye àwọn tí ń wá síbẹ̀ sì ti ju 130,000 lọ. Ní ìlú Èkó, Lagos Comic Con bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀lé e. Èyí tí mo ń sọ kì í ṣe òun. Ó kéré sí i púpọ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kò yẹ kí á máa pariwo àléébù ẹni tí ó gbà wá ní àlejò láàárín ọjà.

Ní ọdún 2022 ni a kọ́kọ́ lọ. Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni wọ́n lò. Ayàwòrán kan jókòó ti àwọn ọmọ wa fún odidi wákàtí kan, ó ń fi pẹ́ńsù hàn wọ́n bí a ti ń ya ojú ẹni tí ó ń bẹ̀rù. Kò sí ariwo, kò sí ìtì. Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tí ó sùn. Orin ni wọ́n ń kọ títí a fi dé ilé.

Láti ọdún náà ni ọmọkùnrin kan ní kíláàsì kẹrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìtàn Mọ̀rèmi. Ojú ìwé mẹ́rìnlélógún ni, ọmọ náà sì ń yà á ní alaalẹ́, lẹ́yìn tí ó bá ti bá ìyá rẹ̀ palẹ̀ ọjà mọ́. Nígbà tí a gbọ́ pé ní àpéjọ ọdún 2024, láti aago méjìlá títí di aago méjì ọ̀sán, àwọn àgbà ayàwòrán yóò jókòó láti yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wò, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lọ ra fáìlì tuntun láti kó ìwé náà sí.

Ní ọjọ́ náà, a dé ibẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tó lù. Ṣùgbọ́n ojú wa rí nǹkan! Ìlà àwọn ènìyàn ti yí ilé náà po, ó sì ti já sí títì. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ṣí. Tábìlì kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tú àpò wò. Àwa tí a ti sanwó láti oṣù tí ó ṣáájú, orí ìlà kan náà ni a wà pẹ̀lú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ṣéńjì. Oòrùn mú. Kò sí ibòji, kò sí omi. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn tí mo kó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì di dandan kí a gbé e jókòó sí abẹ́ igi kan ní òdìkejì ọ̀nà, kí a ra omi fún un.

Nígbà tí ó di aago kan, mo fi ìlà sílẹ̀, mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà, mo sì fi ohùn líle bá a wí lójú gbogbo ènìyàn. Kò dá mi lóhùn ju pé, "Ẹ má bínú, sà." A wọlé ní nǹkan bí aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọkùnrin wa sáré gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè kejì, níbi tí a sọ pé àwọn àgbà ayàwòrán wà. Nígbà tí èmi yóò fi bá a, àga nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ó dúró, ó gbá fáìlì rẹ̀ mọ́ àyà. Kò sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹgbẹ́ wa pé jọ, inú sì ń bí wọn. Wọ́n ti kọ ìwé kan tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn olùṣètò. Èyí tí ó rọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni "ẹ̀yin olójúkòkòrò". Mo kà á tán, mo sì bi wọ́n pé, "Bí wọ́n bá rí ìwé yìí gbà, kí ni wọn yóò ṣe?"

Ọ̀kan ní, "Ojú yóò tì wọ́n, sà."

Òmíràn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọn yóò fà á ya ni, sà."

Ẹni kejì yìí ni ó gbà á. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé èmi gan-an ti yọ ọfà ní ẹnu ọ̀nà. Ṣáájú kí a tó padà, mo ti gbọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bá wí kì í ṣe òṣìṣẹ́ olówó oṣù; ńṣe ni ó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ó ti wà ní ìdúró láti aago márùn-ún ìdájí, kò sì sí ẹni tí ó fún un ní oúnjẹ. Ìyà tí ó jẹ wá ní ìta jẹ òun náà ní ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èmi àgbà ni mo tún di ẹrù tèmi lé e.

A pinnu láti kọ ìwé mìíràn, a sì fi òfin mẹ́ta lélẹ̀. Èkíní, a ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó dára. Kì í ṣe láti pọ́n wọn lé. Ó jẹ́ kí wọ́n má baà ṣèèṣì da ohun rere nù nígbà tí wọ́n bá ń tún ohun búburú ṣe. Èkejì, ohun tí ojú wa rí nìkan ni a ó sọ. A kò ní sọ ohun tí a kàn rò pé ó wà nínú ọkàn wọn. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó bá mú ẹ̀sùn wá gbọ́dọ̀ mú ìmọ̀ràn tẹ̀lé e.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọmọbìnrin tí a gbé jókòó sí abẹ́ igi ni ó mú ohun tí ó wúlò jù lọ wá. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó ti ń ka àwọn tí ń wọlé: ènìyàn mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú márùn-ún, èyí tí í ṣe 120 ní wákàtí kan. Àwọn tí wọ́n wà níwájú wa tó 600. Nítorí náà, wákàtí márùn-ún ni ìlà náà yóò gbà, ì báà jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ní sùúrù bí ìgbín. Ṣùgbọ́n bí ẹnu ọ̀nà bá jẹ́ mẹ́rin, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò gbà. Ìṣirò kékeré yìí ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwé wa. A ní kí wọ́n ya àwọn tí wọ́n ti sanwó sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sanwó. A ní kí wọ́n gbé omi sí ìta, kí wọ́n fi àmì tọ́ka ọ̀nà, kí wọ́n tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe, kí wọ́n mú ibi àyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn ọmọdé wá sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì máa fún àwọn olùyọ̀ǹda ní oúnjẹ, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa gba ipò ara wọn.

Ohun kan ni a kò fi ohùn kan sọ. Àwọn kan ní kí wọ́n dín iye ènìyàn kù. Ọmọkùnrin tí ó ya ìtàn Mọ̀rèmi, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀, ní, "Bí wọ́n bá dín wa kù, sà, ta ni wọn yóò yọ? Bí wọ́n bá gbówó lé tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ni wọn yóò yọ." Gbogbo wa dákẹ́. Mo wá sọ fún wọn nípa San Diego. Gbọ̀ngàn ibẹ̀ ní ìwọ̀n, nítorí náà wọ́n ti fi ààlà sí iye tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ a sì máa wá a ní gbogbo ọdún láì rí i rà. Gbọ̀ngàn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Hall H, tí ó gba ohun tí ó ju 6,000 ènìyàn lọ. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn a máa sun ìta mọ́jú nítorí rẹ̀. Ní ọdún 2014, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so ọ̀já tín-ín-rín mọ́ ọrùn ọwọ́ àwọn tí wọ́n wà lórí ìlà yìí, kí ẹni tí ó tètè dé lè ní ẹ̀rí ipò rẹ̀. Ìlà kò tán, ṣùgbọ́n ìjà ipò dínkù. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, àwọn olórí àpéjọ náà a jókòó síwájú àwọn èrò, wọn a sì máa gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. A kò kọ ọ́ sínú ìwé wa pé kí wọ́n dín ènìyàn kù. A kọ ọ́ pé kí wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ láti gbọ́ ohùn wa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Wọ́n ní owó ni wọ́n fi ń háyà gbọ̀ngàn náà, àwọn kò sì lè tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn kọ́. Ṣùgbọ́n ti ẹnu ọ̀nà àti omi wà ní ìkáwọ́ wọn.

Nígbà tí a padà lọ ní ọdún 2025, ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni a bá. Kì í ṣe mẹ́rin, ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá ààbọ̀ ti bá wa nínú ilé. Àgbá omi wà lábẹ́ àtíbàbà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò yàtọ̀, ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì tún burú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mo wá ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnu ọ̀nà láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i. Ó dùn mí títí di òní.

Ọmọkùnrin wa gbé Mọ̀rèmi rẹ̀ síwájú àgbà ayàwòrán kan. Bàbá náà ṣí i láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹrìnlélógún, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ìtàn yìí dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọwọ́ gbogbo wọn fi dà bí ọmọ odó?" Ojú ti ọmọ náà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àga súnmọ́ wọn, ó mú pẹ́ńsù rẹ̀ jáde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fi bí a ti ń yà á hàn mí."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀nà kan náà ni ìwé tí a kọ sí àwọn olùṣètò àti ọ̀rọ̀ tí bàbá náà sọ gbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ wa dára yóò sọ ibi tí ó kù sí fún wa, yóò sì dúró láti fi ọ̀nà hàn wá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nígbà tí ẹ bá rí àléébù ní ibi tí ẹ ti jẹ́ àlejò, ẹ má ṣe dákẹ́, ẹ má sì ṣe bú onílé. Ẹ ka iye àwọn tí ó wà lórí ìlà, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé.