Àpò Ẹbí àti Àrùn Jẹjẹrẹ

Àwọn àrùn kan wà tí Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ ní gbangba. Ṣọ̀pọ̀ná di Ilẹ̀-gbígbóná, ó di Olóde, nítorí ìgbàgbọ́ pé ẹni tí ó bá pè é ń pè é wá sílé ara rẹ̀ ni. Lóde òní tí ṣọ̀pọ̀ná ti kásẹ̀ ńlẹ̀, jẹjẹrẹ ni ó gba ipò rẹ̀. “Àìsàn yẹn” ni ọ̀pọ̀ ń pè é, àwọn mìíràn a ní “kókó kan ni.” Ohun tí mo fẹ́ kí á gbé yẹ̀wò níhìn-ín ni bí àrùn tí a kò dárúkọ ṣe ń di àrùn tí a kò rí owó tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí á mú Ọ̀rẹ̀, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbó, ṣe àpẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Benin ti pàdé ọ̀nà Oǹdó; ibẹ̀ náà ni ogun abẹ́lé 1967 ti fi gbólóhùn “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀” sí wa lẹ́nu. Iṣẹ́ kòkó, iṣẹ́ ọ̀pẹ, iṣẹ́ gẹdú àti òwò ni àwọn ará agbègbè náà fi ń jẹun. Owó máa ń wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà ìkórè. Bí òjò bá dé, ọwọ́ a di òfìfo. Àìsàn kì í sì í dúró de ìkórè. Ẹni tí ó bá nílò ìtọ́jú onítànṣán ní láti múra ìrìn-àjò lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá bí UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó, níbi tí a ti ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ní 2019. Owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó ibùsùn ẹni tí ó sin aláìsàn lọ kò sí nínú ìwé owó tí dókítà kọ, bẹ́ẹ̀ dandan ni sísan wọn.

Mo ní ìbátan kan tí ń ta epo pupa ní Ọ̀rẹ̀. Nígbà tí dókítà sọ fún un pé kókó tí ó wà ní ọyàn rẹ̀ kì í ṣe kókó lásán, owó ọjà ni ó kọ́kọ́ ná. Lẹ́yìn èyí, ó kó àjọ. Nígbà tí ìyẹn tán, ó yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ní òun fẹ́ fi ra epo pamọ́ de ìgbà tí yóò wọ́n. Ọkọ rẹ̀ sì fi oko kòkó wọn dógò. Yàtọ̀ sí ọkọ yìí, kò sí ẹnì kan tí ó mọ ohun tí owó náà ń ṣe. Bí owó tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ṣe di gbèsè nìyẹn. Ẹgbẹ́ ń retí èlé lórí epo tí kò sí níbì kankan.

Ìyá ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wọn ni ó fura, tí ó pè é sí kọ̀rọ̀. Nígbà tí ó gbọ́ òtítọ́, ó ní: “Ìwọ ọmọ yìí, nígbà tí ìyá rẹ kú, gbogbo wa la dá aṣọ, gbogbo wa la dáwó. Àbí òkú nìkan lo rò pé a mọ̀ ọ́n dáwó fún?”

Ó dáhùn pé: “Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé ẹ ó máa sá fún mi ni.”

Wọn kò sá. Wọ́n dáwó, wọ́n sì bẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù títí tí wọ́n fi sún ọjọ́ gbèsè síwájú. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó sọ fún wa pé ilé-ìwòsàn ńlá máa ń ní ọ́fíìsì wẹ́fíà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ aláìsàn tí kò lówó. Mo bá a lọ síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí a bá lórí àga ní: “Mọ́mì, kí ẹ tó tún ta nǹkan mìíràn, ẹ mú lẹ́tà dókítà wá, àti èsì àyẹ̀wò ẹran ara, àti iye tí wọ́n kọ fún yín. Ẹ jẹ́ kí á mọ ibi tí orúkọ yín lè wọ̀.” A ti ń wá owó fún oṣù mélòó kan kí a tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn ibi tí orúkọ lè wọ̀ wà, bí wọn kò tilẹ̀ tó. Ní 1999 ni òfin adójútòfò ìlera kọ́kọ́ jáde. Ní 2005 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin tuntun ti 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ó sì ṣètò àpò kan fún àwọn aláìní. Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ní àjọ tirẹ̀ tí ń bójú tó ètò ìlera alájọdá. Lásìkò ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari ni ìjọba àpapọ̀ dá owó àkànṣe tí wọ́n ń pè ní Cancer Health Fund sílẹ̀ fún àwọn aláìní tí jẹjẹrẹ ọyàn, ti ẹnu ilé-ọmọ tàbí ti prostate ń bá jà. Ṣùgbọ́n adójútòfò dà bí àjọ: kí ọjọ́ tó le ni a ti ń dá a.

Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí tí ó ṣeé kàn láìdárúkọ àrùn. Ní 1997, nígbà tí a rí jẹjẹrẹ ọyàn lára Arábìnrin Betty Anyanwu-Akeredolu, kò fi í pamọ́; ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ kí àwọn obìnrin mìíràn lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Jẹjẹrẹ prostate ni ó pa ọkọ rẹ̀, Gómìnà Rotimi Akeredolu, ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, 2023; ti ẹ̀dọ̀fóró ni ó mú Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó, lọ ní 2009. Àrùn yìí kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Àpò tí ó bá lára wọn ni ó yàtọ̀.

Láti 2009, aláìsàn jẹjẹrẹ kì í san owó oògùn tí dókítà bá kọ fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fọ́ọ̀mù ni ó ń kọ, kì í kúnlẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀tọ́ àti àánú nìyẹn. Ó yẹ kí á máa béèrè ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ ìjọba wa láìsinmi. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé, àánú ni ó wà lọ́wọ́ wa, kí á sì ṣètò rẹ̀ dáadáa. Bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó aṣọ ìsìnkú fún ẹni tí ó ṣì ń mí, gbèsè epo tí kò sí yóò dínkù. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ìbáwí ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe. Ẹ má jẹ́ kí á sọ ọ́ di àṣà.