Iṣẹ́ Tí Bàbá Rán Babátúndé sí Bràsíl

Ní Agége níbí, kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò mọ Pen Cinema. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀, ibẹ̀ náà ni afárá tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021 wà. Mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé ilé sinimá ló fún ibẹ̀ lórúkọ? Sinimá ti kásẹ̀ nílẹ̀, orúkọ ló kù. Orúkọ tó pẹ́ ju ohun tó ń jẹ́ ẹ lọ ni kókó fíìmù tí Ọlá Balógun ṣe ní ilẹ̀ Bràsíl ní 1978, èyí tí ó pè ní Black Goddess.

Balógun kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì nígbà náà. Ó kọ́ṣẹ́ ní Paris, ó fi èdè Igbo ṣe Amadi (1975), ó fi Yorùbá ṣe Àjàní Ògún (1976). Síbẹ̀, ó ré òkun kọjá, ó kó àwọn òṣèré Bràsíl jọ, wọ́n sì sọ èdè Potogí. Ìtàn Babátúndé ni, ẹni tí bàbá rẹ̀ rán lórí ìdùbúlẹ̀ ikú pé kí ó lọ wá ìran wọn tí a kó lẹ́rú. Ilé òrìṣà ni Yemọja ti gun abọrìṣà kan, tí ó sì fi ọ̀nà hàn án. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Aba ni Balógun fúnra rẹ̀. Lójú tèmi, wíwá ẹbí lókèèrè kì í ṣe ìtàn lásán fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, "Sà, ṣé fíìmù Yorùbá ni èyí, nígbà tí wọn kò sọ Yorùbá?" Ìbéèrè náà gún mi lọ́kàn, nítorí èdè ni iṣẹ́ mi. Ìdáhùn mi nìyí: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Balógun fi èdè àwọn tí ó ń jíṣẹ́ fún jíṣẹ́. Yorùbá ló rán an.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe àwáwí. Ọdún 1888 ni oko ẹrú tó dópin pátápátá gẹ́gẹ́ bí òfin ní Bràsíl, a sì ti gba èdè lẹ́nu àwọn ènìyàn wa tipátipá. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 2 oṣù Èrèlè lọ́dọọdún, wọ́n ń gbé ẹ̀bùn lọ fún Yemọja létí òkun ní Salvador. Wọ́n pàdánù ọ̀rọ̀, wọ́n di orúkọ mú. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú ni a ń kìlọ̀ fọ́mọ pé kó má sọ Yorùbá nílé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ bi àgbà ilé yín léèrè oríkì orílẹ̀ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.